Perec mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan: bá a ṣe tú kátálọ́ọ̀gù tó dà pọ̀

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ láíbìrì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Mo fẹ́ sọ bí orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ṣe da kátálọ́ọ̀gù wa rú, ohun tá a gbìyànjú, èyí tó já sófo àtèyí tó padà ṣiṣẹ́. Láíbìrì náà wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kò tóbi, àmọ́ ìwé oríṣiríṣi èdè ló wà níbẹ̀ torí bí àdúgbò yẹn ṣe rí nìyẹn: Faransé wà, èdè Pólándì wà, Potogí wà, Yorùbá tiwa náà wà.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n pààrọ̀ sọ́fíwià. Ti àtijọ́ ti gbó, wọ́n ní kí kọ́ńtírátọ̀ kan kó gbogbo dátà inú ẹ̀ sínú tuntun, òun náà sì ṣe é bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà á wo orúkọ tó wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, á fi wé àwọn tó ti wà nílẹ̀, àwọn tó bá jọra á so wọ́n mọ́ authority record kan náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó dúró fún ẹnì kan, tó jẹ́ pé gbogbo ìwé tí onítọ̀hún kọ àti gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ ló máa rọ̀ mọ́ ọn. Kó tó fi wéra ó máa ń bọ́ àmì kúrò lórí lẹ́tà, ó sì máa ń ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ọ̀kan náà. Ìyẹn nìkan ò burú, ọ̀pọ̀ sọ́fíwià ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé nínú dátà àtijọ́ yẹn, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pàápàá DVD àtàwọn ìwé táwọn èèyàn fi tọrẹ, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kàn tẹ PEREC ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà rí PEREC tí ò ní orúkọ àkọ́kọ́, ó rí Perec níbì kan, ó rí Pérec níbòmíì, ó kó gbogbo wọn sínú àpò kan.

Kò sẹ́ni tó fura. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Keje 2024.

Lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù yẹn, Marie-José Pérec, eléré sísá ará Faransé, àti Teddy Riner tó ń ja júdò ló tan iná Òlíńpíìkì ní Paris, iná tí wọ́n so mọ́ bàlúù ńlá tó gòkè lọ láti inú ọgbà Tuileries. Àwọn tó ti gbàgbé obìnrin náà rántí ẹ̀, àwọn ọmọdé tí ò mọ̀ ọ́n rí ń béèrè pé ta nìyẹn. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ sílẹ̀ lórí kátálọ́ọ̀gù wa fún ìwé àti DVD nípa ẹ̀. Wọ́n á tẹ orúkọ, orúkọ kan ṣoṣo á jáde, wọ́n á ní ká bá àwọn gbé ohun tó wà lókè pátá sílẹ̀, wọ́n á wá gbà á ní káńtà láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Yorùbá kan tó ti pẹ́ nílùú yìí ló kọ́kọ́ dá tiwọn padà. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú mi. "Wò ó ọmọ mi, obìnrin tó gba góòlù mọ́ Falilat lọ́wọ́ l'Atlanta ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi wá. Mo ka eléyìí dé ibì kan, mi ò rí eré sísá kankan ńbẹ̀, ọkùnrin kan ló sọnù tí wọ́n ń wá kiri." Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣí ìwé náà, A Void ni, ìwé tí Gilbert Adair tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1994, Georges Perec ló ni ín.

Màmá yìí ò ṣi orúkọ pè o. Ní Atlanta, ọjọ́ 29 oṣù Keje 1996, Marie-José Pérec sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 48.25, Cathy Freeman ará Ọsirélíà tẹ̀ lé e pẹ̀lú 48.63, Falilat Ogunkoya tiwa gba bàbà pẹ̀lú 49.10. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i Pérec tún gba góòlù 200 mítà, Mary Onyali tiwa náà ló gba bàbà. Ó ti gba góòlù 400 mítà ní Barcelona ní 1992, òun sì lẹni àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba góòlù Òlíńpíìkì 400 mítà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Basse-Terre ní Guadeloupe ni wọ́n bí i sí, 1968. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó wo Òlíńpíìkì yẹn kò lè gbàgbé orúkọ ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì la gba bàbà lẹ́yìn ẹ̀.

Georges Perec ní tiẹ̀, Paris ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1936, àwọn òbí ẹ̀ sì jẹ́ Júù tó wá láti Pólándì. Bàbá ẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun Faransé, ó kú sójú ogun ní 1940. Ìyá ẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Auschwitz, àgọ́ ikú àwọn Násì, ní oṣù Kejì 1943, wọn ò padà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Georges nígbà yẹn, àǹtí ẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ lóbìnrin àti ọkọ wọn ló tọ́ ọ dàgbà. Ìwé tí ìjọba fún ìdílé náà nípa ìyá ẹ̀ lẹ́yìn ogun kò sọ pé wọ́n kú, ó kàn sọ pé wọn ò rí wọn mọ́ ni. Ọmọ yẹn ló dàgbà tó kọ La Disparition ní 1969, odindi ìwé ìtàn tó lé ní igba ojú ewé tí kò sí lẹ́tà e kankan nínú ẹ̀, ní èdè Faransé tó jẹ́ pé e ló pọ̀ jù nínú gbogbo lẹ́tà wọn. Orúkọ òun fúnra ẹ̀, Georges Perec, e mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Gilbert Adair náà ò lo e nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò lè ka ìwé yẹn bí eré ọgbọ́n lásán, ohun tó sọnù níbẹ̀ ju lẹ́tà lọ.

Ó wà lára ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Oulipo, Raymond Queneau àti François Le Lionnais ló dá a sílẹ̀ ní 1960, Perec wọ̀ ọ́ ní 1967. Iṣẹ́ wọn ni pé kí òǹkọ̀wé fi òfin líle de ara ẹ̀ kó wá wo ohun tó máa jáde. La Vie mode d'emploi tó gba ẹ̀bùn Médicis ní 1978, ilé alájà púpọ̀ kan ní Paris ni, yàrá lé yàrá, bí ẹṣin ṣe ń fò lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ló fi ń tinú yàrá kan bọ́ sí òmíì.

Ó dáa. Ohun tá a kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́ Faransé dáadáa sọ pé kò le, àmì ni ká fi yà wọ́n. Obìnrin náà ní àmì lórí e àkọ́kọ́, Pérec, ọkùnrin ò ní, Perec. Lórí ìwé, òótọ́ ni wọ́n sọ. A ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo èyí tó ní àmì kó kó o lọ sọ́dọ̀ Marie-José, kí ìyókù dúró sọ́dọ̀ Georges. Ó já sófo, ìdí ẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ìwé àti DVD, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ orúkọ, àwọn Faransé sì sábà máa ń yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà ńlá, nítorí náà àwọn DVD obìnrin náà ò ní àmì kankan. Lódì kejì, àwọn Faransé fúnra wọn máa ń pe orúkọ Georges bí ẹni pé àmì wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ní àṣìṣe, ìyẹn ti wọnú dátà wa látọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ká tó mọ̀, àwọn ìwé Georges kan ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà, DVD obìnrin náà sì jókòó sọ́dọ̀ Georges. A dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá wa dábàá pé ká lo kókó ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ eré ìdárayá, eléré sísá tàbí Òlíńpíìkì sí lára, ti Marie-José ni, èyí tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, ti Georges ni. Èyí dùn ún gbọ́, kíá la ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ yẹ ojú ìwé Marie-José wò, mo rí W ou le souvenir d'enfance níbẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé eléré sísá.

Ẹni tí ò bá mọ ìwé yẹn lè ní kí ló burú. Georges Perec tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Orí kan á sọ ìwọ̀nba tó rántí nípa ìgbà ọmọdé ẹ̀, ìyẹn bàbá, ìyá, orúkọ, fọ́tò tó ti ń ṣá, orí tó tẹ̀ lé e á sọ ti erékùṣù kan tó ń jẹ́ W, lápá Tierra del Fuego nísàlẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo òfin ìlú ti dá lórí eré ìdárayá. Níbẹ̀rẹ̀ ó dà bí ìlú tó dára, gbogbo èèyàn ló ń sáré, gbogbo èèyàn ló ń díje. Bó o ṣe ń kà á lọ ni wàá máa rí i pé wọn ò fún ẹni tó bá fìdí rẹmi lóúnjẹ, pé àwọn ọ̀gá lè yí òfin padà nígbà tó bá wù wọ́n, pé wọ́n ń fi ẹ̀sín àti ìyà sin àwọn eléré náà, títí tí wàá fi mọ̀ pé àgọ́ ikú àwọn Násì ló ń ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kátálọ́ọ̀gù ìwé náà kọ eré ìdárayá àti Òlíńpíìkì sí i lára, ohun tó kọ ò sì burú, ó wà nínú ìwé lóòótọ́. Àmọ́ òfin tá a fún kọ̀ǹpútà ti mú ìwé tí ọmọ kan kọ nípa ìyá ẹ̀ tí wọ́n pa, ó ti sọ ọ́ di ìwé ìgbésí ayé eléré sísá ará Guadeloupe. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó tún jẹ́ ìwọ̀sí sí obìnrin náà, torí eré tí òun sá, òun ló fẹ́ ẹ, òun ló ṣiṣẹ́ fún un.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé mi ò ní fún kọ̀ǹpútà lófin kankan mọ́ lórí orúkọ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ìwé náà wá sórí tábìlì ká ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Bá a ṣe ń ṣí wọn la bá ẹnì kẹta pàdé. Ìwé kékeré kan wà lára àwọn ìwé Pólándì, Perec ló wà lẹ́yìn ẹ̀, a ti rò pé ìtumọ̀ ìwé Georges ni. Mo ṣí ojú ewé àkọlé, mo rí Icchok Lejb Perec. Ẹni tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní I. L. Peretz nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn àgbà òǹkọ̀wé èdè Yiddish táwọn Júù Yúróòpù ń sọ, tí wọ́n bí ní Zamość ní 1852, tó kú ní Warsaw ní 1915, ọdún mọ́kànlélógún kí wọ́n tó bí Georges. Lédè Pólándì, c ni wọ́n fi ń kọ ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní ts tàbí tz, nítorí náà Perec ni Peretz lọ́wọ́ wọn. Bí orúkọ bàbá Georges náà ṣe di Perec nìyẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Pólándì kọ ọ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ, nígbà tó dé Faransé wọ́n ń ka c yẹn sí k, orúkọ náà sì wá dà bí orúkọ ọmọ onílẹ̀ lápá Brittany. Èyí ló tún ṣàlàyé ìdí tí kò fi ní àmì. Ká ní a ò ṣí ìwé ni, ẹnì kẹta ì bá wà lábẹ́ Georges títí di òní.

Láàárín gbogbo èyí, ọmọ fọ́lọ́ńtíà kan tó ń bá wa ṣe é, ọmọ tó já fáfá ni, rí àkọlé kan tó rò pé wọ́n ṣì kọ. Les Revenentes ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ó tún un ṣe sí Revenantes bó ṣe wà nínú díkíṣọ́nnárì. Àmọ́ ìwé yẹn ni ìkejì La Disparition, 1972 ló jáde, e nìkan ni fáwẹ̀lì tó wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, tí Perec sì ń yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ padà kó lè ṣeé ṣe. Fáwẹ̀lì a kan ṣoṣo tó o bá fi síbẹ̀, o ti ba ìwé náà jẹ́. A dá a padà, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, ẹ má ṣe tún un ṣe, torí ọdún tó ń bọ̀ ẹlòmíì tó já fáfá náà á tún dé.

Ohun tá a wá ṣe nígbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá dúró ní ọjà kan n'Íbàdàn tẹ́ ẹ pe Àjàyí, àìmọye èèyàn ló máa yíjú, oríkì onítọ̀hún ló máa yà á sọ́tọ̀, ọmọ ta ni, ará ibo ni, kí ló ṣe. Authority record náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. A kọ Perec, Georges, 1936-1982. A kọ Pérec, Marie-José, 1968-. A kọ Peretz, I. L., 1852-1915. Lábẹ́ ìkẹta yìí a to gbogbo ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ẹ̀, ti Pólándì, ti Faransé, kó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe tẹ̀ ẹ́ á bá a níbẹ̀. Lábẹ́ Georges náà a fi Pérec tó ní àmì síbẹ̀ bí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà ṣì í kọ. A so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà VIAF àti ISNI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó jẹ́ pé àwọn láíbìrì ńlá káàkiri ayé ń lò ó, nítorí pé nọ́ńbà ò ní àmì tí ẹnikẹ́ni máa bọ́ kúrò. A wá ya ẹni tó kọ ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n kọ ìwé nípa ẹ̀: Marie-José, ọ̀pọ̀ ohun tá a ní ló jẹ́ nípa ẹ̀. Georges ní méjèèjì, torí ìwé ńlá tí David Bellos kọ nípa ìgbésí ayé ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, Bellos ló ni ìyẹn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé.

Ó ń yà mí lẹ́nu pé Georges Perec fúnra ẹ̀ ọ̀kan lára wa ni. Láti 1961 títí di 1978 ó ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀ ní ilé ìwádìí ọpọlọ kan ní Paris, káàdì ló ń tò. Ó tiẹ̀ kọ àròkọ kan lórí bí èèyàn ṣe lè to ìwé ilé ẹ̀, nípa orúkọ, àwọ̀, èdè, ọjọ́ tó o rà á, bó ṣe tóbi tó, ó sì sọ níbẹ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá tó.

Ọ̀rọ̀ ìbátan wá kù. Bí a ṣe tò wọ́n tán làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ṣé ọmọ ẹ̀ ni, ṣé àbúrò ẹ̀ ni, ẹnì kan tiẹ̀ ti kọ "mọ̀lẹ́bí" sínú àlàyé authority record. Mo yọ ọ́. Nípa Peretz, Georges kọ ọ́ sínú W pé gbogbo Peretz tó bá mọ iyì ara ẹ̀ ló máa wá bó ṣe máa tan mọ́ òǹkọ̀wé yẹn, kódà tó bá gba kó fi orí rìn, pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí bàbá bàbá òun ni. Ohun tí ìdílé ń sọ nìyẹn, ẹ lè kọ ọ́ pé ìdílé ló sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí ẹní rí ìwé ẹ̀rí. Ní Guadeloupe, lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní 1848, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kọ orúkọ ìdílé fáwọn tó gba òmìnira, nítorí náà ẹ má wo orúkọ ará ibẹ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ẹni tó bí i.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ sọ́fíwià, kí wọ́n tó kó dátà rárá, ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tó jẹ́ orúkọ ìdílé nìkan ló wà níbẹ̀ jáde fún yín, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kó o tán, ẹ wá authority record tó bá ní ìwé ní èdè tó pọ̀ lábẹ́ ẹ̀, tàbí tí ọdún ìwé tó dàgbà jù àti èyí tó kéré jù jìnnà síra ju bí èèyàn ṣe ń pẹ́ láyé lọ. Bá a ṣe rí àwọn míì lẹ́yìn Perec nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òfin kan ṣoṣo kó orúkọ jọ tàbí tú u ká láìṣí ojú ewé àkọlé.

Ti Yorùbá wa ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Kíkó tí wọ́n kó dátà yẹn ló sọ ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà di àmì ìbéèrè, Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀ tó ti di I??la, Òkédìjí ti pàdánù ohùn ẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ra wọn bí àwọn Perec ṣe dà pọ̀. Mo ti gbé àwọn ìwé náà wá sórí tábìlì, láti A ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọdún ìbí àwọn òǹkọ̀wé wa àtijọ́ lọ́wọ́ láti inú ìwé tó ṣeé tọ́ka sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́.